Ta Ló Ń Jẹ́ Ọmọ Ìlú? Ìrìn Láti Agbowó dé Challenge

Ní òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ní Agbowó, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé kò lóǹkà. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù, jẹnẹrétọ̀ ti ń ké, àwọn ọ̀dọ́ sì ti jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin kan ń ka àwọn ohun tí yunifásítì kan ní Dublin ní kí ó kó wá, ó ń fi bírò fàlà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìwé báńkì, lẹ́tà olùkọ́ méjì. Ẹni tó ń bá a tẹ̀ ẹ́ mọ orúkọ ìlú Ireland bí kọ̀ńdọ́ ṣe mọ ibùdókọ̀: Dublin, Cork, Limerick, Galway. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ní ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání wá mọ́, ni mo ti ń gbọ́ orúkọ Ireland léraléra níbí.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ rin Ìbàdàn tuntun yìí já, láti Agbowó títí dé Challenge. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti kọ̀, n óò wọ takisí Mícrà. Ohun tí mo ń wá kò ju ọ̀kan lọ. A ń bẹ ìlú onílùú pé kí wọ́n gba àwọn ọmọ wa mọ́ra, pé ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tó kàwé níbẹ̀, tó ń sọ èdè wọn, ọmọ wọn ni. Mo fẹ́ fojú ara mi rí bí àwa náà ṣe ń ṣe é nílé.

Kí n tó kúrò ní Agbowó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọbìnrin yẹn kò tíì mọ̀. Nígbà kan, ẹni tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ Ireland, ọmọ Ireland ni, ibi yòówù kí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹfà, ọdún 2004, wọ́n dìbò lórí rẹ̀, nǹkan bí 79 nínú 100 àwọn tó dìbò ló ní kí ẹ̀tọ́ yẹn kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ kiri kí ìbò yẹn tó dé ni pé àwọn aboyún láti òkèèrè ń wọlé wá bímọ kí wọ́n lè rí ìwé gbà, orúkọ Nàìjíríà kò sì wọ́n nínú ọ̀rọ̀ náà. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2005, ọmọ tí òbí rẹ̀ kì í bá ṣe ọmọ Ireland tàbí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, àfi bí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ bá ti fi ọdún mẹ́ta gbé ibẹ̀ lọ́nà òfin nínú ọdún mẹ́rin tó ṣáájú ìbí rẹ̀. Bí ó ṣe di pé nínú ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ìlú, àbúrò jẹ́ àlejò, nìyẹn.

Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí bí orílẹ̀-èdè kan bá wà ní Yúróòpù tó yẹ kó mọ ìyà ẹni tó fi ilé sílẹ̀, Ireland ni. Láàárín 1845 sí 1852 tí ọ̀dùnkún wọn bàjẹ́ lóko, nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn ni ebi àti àìsàn pa, nǹkan bí mílíọ̀nù kan mìíràn sì sá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn. Níbi tí wọ́n sá dé, wọ́n pè wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀, ọ̀mùtí, aláìmọ́. Àtọmọdọ́mọ ìran kan náà ló dìbò ní 2004.

Mícrà kan gbé mi dé ọjà Bódìjà. Ọkọ̀ àjàgbé tó gbé ẹ̀wà, àgbàdo àti iṣu wá láti Àríwá tò lọ bẹẹrẹ, àwọn aláàárù sì ń sáré gba abẹ́ àpò kọjá pẹ̀lú igbe pé kí a yàgò. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ Hausa. Mo dúró ti ìyá kan tó ń wọn ẹ̀wà. Ní ìwọ̀n ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, ó ran ọmọkùnrin kan níṣẹ́ léraléra, ó fún un lómi, ó bá a wí, ó sanwó fún un. Mo béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá náà. Ó ní "Àbókí" ni òun ń pè é, láti bí ọdún mélòó kan. Kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀ rárá. Kò kàn tíì wá sí i lọ́kàn pé ó lórúkọ ni.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ní ọjà Ṣáṣá, lápá òkè lọ́hùn-ún, asọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aláàárù kan tó ń kó tòmátì di ìjà Yorùbá àti Hausa. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná, ìjọba ti ọjà náà pa. Kó tó di ìparí oṣù yẹn, àwọn oníṣòwò Àríwá dá ọkọ̀ oúnjẹ àti màlúù dúró, wọn kò jẹ́ kó wá sí Gúúsù mọ́, iye alùbọ́sà àti ata sì fò sókè ní gbogbo ọjà wa. Ìyá oníẹ̀wà yìí rántí rẹ̀ dáadáa. Ó ní ìgbà yẹn ni òun mọ̀ pé ẹni tí a ń pè ní àlejò ló ń bọ́ wa.

Láti ọjà, mo fẹsẹ̀ rìn wọ Bódìjà àtijọ́, àdúgbò tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́ lásìkò òmìnira fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé. Igi ńláńlá ṣì ṣíji bo ojú ọ̀nà, ọgbà gígùn yí ilé ká. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tuesday, ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 2024, ohun kan bú gbàmù níbẹ̀ tí gbogbo ìlú fi mì. Àwọn tó wà ní Challenge pàápàá gbọ́ ọ. Ó kéré tán èèyàn márùn-ún kú, ọ̀pọ̀ farapa, ilé wó lulẹ̀, fèrèsé fọ́ ní ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà síbẹ̀. Gómìnà Ṣèyí Mákindé kéde pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù sínú ilé kan.

Mo wo ògiri tí wọ́n tún mọ, mo wo àyè tí ilé wà tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ géètì sọ fún mi pé kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì ni gbogbo ènìyàn ti ń sọ pé ará Mali ni wọ́n, pé kí wọ́n lé gbogbo àjèjì kúrò ládùúgbò. Mo bi í pé ta ló yá wọn nílé? Ta ló gba owó ilé náà lọ́dọọdún? Ta ló tà wọ́n ní ohun abúgbàù tí òfin de? Ó mi orí. Ó ní ìbéèrè yẹn gan-an ni òun ń bi ara òun, ṣùgbọ́n àjèjì ló rọrùn jù láti dárúkọ.

Oṣù méjì péré ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, 2023, ọkùnrin kan fi ọ̀bẹ gún àwọn ọmọ kéékèèké níwájú ilé ẹ̀kọ́ kan ní Parnell Square, láàárín Dublin. Ọ̀rọ̀ ti gba orí fóònù pé àjèjì ni. Kí ó tó di òru, wọ́n ti dáná sun bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n sì fọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó dá ọlọ́bẹ náà dúró ńkọ́? Caio Benicio ni, ọmọ Brazil tó ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri. Ó bọ́ àṣíborí rẹ̀, ó fi là á mọ́lẹ̀. Àjèjì ni òun náà. Àwọn ará wa tó ń gbé ibẹ̀ sọ pé ní alẹ́ yẹn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n pa iná. Ọkàn wọn kò tíì kúrò lórí Toyosi Shittabey, ọmọ ọdún 15, ọmọ Yorùbá, tí wọ́n gún lọ́bẹ pa ní Tyrrelstown ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, 2010.

Mo gba iwájú Sẹkitéríàtì kọjá, mo dé Mọ́kọ́lá. Lórí òkè níbẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ St. Louis Grammar School wà. Àwọn Sístà St. Louis ló dá a sílẹ̀, ìjọ obìnrin tó wá bá wa láti Ireland. Ọ̀pọ̀ Fadá ìjọ Kátólíìkì tí Ìbàdàn mọ̀ ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá, láti Ireland ni wọ́n ti wá. Bíṣọ́ọ̀bù Richard Finn ti ẹgbẹ́ míṣọ́nárì SMA, ọmọ Ireland, ló darí ìjọ náà ní ìlú yìí títí di 1974 tí Fẹ́líìsì Àlàbá Job gba ipò. Àwọn ènìyàn yìí kọ́ Yorùbá, wọ́n jẹ àmàlà, wọ́n kọ́ ọmọ wa níwèé. Àwa ará ìlú kò ní kí wọ́n lọ mú ìwé wá láti fi hàn pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé láàárín wa. Ìyá kan tó jáde ní St. Louis sọ fún mi nísàlẹ̀ afárá Mọ́kọ́lá pé Sístà tó kọ́ òun ní ìṣirò mọ oríkì òun, ó sì máa ń fi kì òun bí òun bá gbégbá orókè. Ọmọ ìyá yìí wà ní Cork báyìí, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú. Mo rò ó lọ títí: ó lè jẹ́ pé ará ìlú Sístà yẹn gan-an ló ń wẹ̀ fún.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni Sábó, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti sún mọ́ wa jù lọ.

Òórùn súyà àti ṣáyì ló pàdé mi. Àwọn àgbàlagbà jókòó níwájú mọ́sálásí, obì wà nínú apẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń ṣẹ́ owó sì na ọwọ́ sí ọkọ̀ tó ń kọjá: "Dọ́là, pọ́n-ùn, yúrò!" Ọ̀pọ̀ òbí tó ń rán ọmọ lọ sí Dublin, ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ti ń ra yúrò. Ní 1916 ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn àti àwọn aláṣẹ òyìnbó ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ kí àwọn Hausa oníṣòwò obì àti màlúù, tí wọ́n ti ń gbé káàkiri ìlú, lè wà lójú kan. Lásìkò ìjọba òyìnbó yẹn kan náà ni wọ́n ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀ ní Jẹ́ríkò àti Onírẹ́kẹ́, kí dúdú má baà sún mọ́ wọn. Ọwọ́ kan náà ló fa ìlà méjèèjì. Òyìnbó lọ, a wọ ilé wọn ní Jẹ́ríkò. Ìlà ti Sábó ṣì wà níbẹ̀.

Abner Cohen, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, wá gbé Sábó yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì kọ ìwé rẹ̀ jáde ní 1969. Ohun tó rí ni pé kì í ṣe àìmọ Yorùbá ló mú kí àwọn Hausa dá dúró. Òwò ló jẹ́ kí wọ́n máa di ara wọn mú. Ẹni tó ń ta màlúù láwìn fún alápatà ní láti ní ẹni tó lè gbẹ́kẹ̀ lé, ẹni tó mọ ilé rẹ̀, tí wọ́n jọ ń kírun. Àwọn ará wa ní Peckham ní London àti Tallaght ní Dublin ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: ìjọ tiwọn, àjọ tiwọn, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra èlùbọ́. Bí òyìnbó bá wá sọ pé wọn kò fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ará ìlú, inú wa a máa bí wa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣẹ́ owó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́. Yorùbá rẹ̀, ti Ìbàdàn gan-an ni. Bí kì í bá ṣe fìlà rẹ̀, n kì bá tí mọ̀. Ó ní ní Sábó ni wọ́n bí bàbá òun, Sábó ni wọ́n bí òun, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n bí ọmọ òun. Nígbà tí ó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n béèrè ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti káńsù. Wọ́n ní kí ó lọ gbà á níbi tí bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kánò, ìlú tí kò tíì dé rí. Níbẹ̀, wọ́n gbọ́ bí ó ṣe ń sọ Hausa, wọ́n ní ará Yorùbá ni. Ó fi owó bẹ̀ wọ́n kí ó tó rí ìwé náà gbà. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ẹ̀rín díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń mú ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára sí i.

Òfin wa ni, kì í ṣe ìwà àkọ̀wé kan ní káńsù. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ara àwọn tó ni ilẹ̀ náà. Ààrẹ pàápàá gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán mínísítà kan láti inú ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bí sí Nàìjíríà tí kò sí ọmọ Nàìjíríà nínú òbí àti òbí àgbà rẹ̀, àlejò ló jẹ́ lójú òfin láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ireland ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tiwọn ní 2004 ni. Àwa ti ń lo irú rẹ̀ ṣáájú wọn, tiwa sì le ju tiwọn lọ, torí pé ọdún mẹ́ta tí òbí fi gbé ìlú kò ran ọmọ lọ́wọ́ níbí. Ìbàdàn wá ni ìlú tó yẹ kó kọ́kọ́ dìde sí i. Ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá kóra jọ síbí, àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Àlejò ni wá látilẹ̀. Gbogbo ọmọ Ìbàdàn ló sì ń yangàn pé ìlú àwọn a máa gbe àjèjì ju onílé lọ.

Ní Dúgbẹ̀, lábẹ́ òjìji Cocoa House, àpò onílà pupa, aláwọ̀ búlúù àti funfun kún ojú pákó. Gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀: Ghana-must-go. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, 1983, ìjọba Shagari fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó lọ, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù. Àwọn tó kọ́ wa ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì kan náà, Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà àti Ìlọrin sì fi ṣọ́ọ̀bù, ilé àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Kùmásí dé sí ìlú tí wọn kò mọ̀, tí ará ilé ń pè wọ́n ní ọmọ Gánà. Mo bi obìnrin tó ń ta àpò bóyá ó mọ ìtàn rẹ̀. Ó ní ìyá òun wà lára àwọn tó ti Gánà dé.

Lebanon Street kò jìnnà síbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn ará Lẹ́bánónì ti ń ta aṣọ níbẹ̀. Àwọn mìíràn nínú ọmọ wọn kò mọ ìlú mìíràn ju Ìbàdàn lọ. Mo kọjá lọ sí Òkè-Bọ́lá, ibi tí àwọn Ìjẹ̀bú tẹ̀dó sí. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ bóyá Ìjẹ̀bú lè ní ilẹ̀ ní Ìbàdàn ti dá wàhálà sílẹ̀ rí láàárín Yorùbá kan náà, wọ́n pè wọ́n ní àlejò, àwọn àlejò náà sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Lónìí, ta ló ń wo ọmọ Òkè-Bọ́lá bí àjèjì? Àkókò tó kọjá nìkan kọ́ ló ṣe é. Àwọn kan jà á.

Ní Ring Road, mo bá àwọn ọmọ kéékèèké tó ń sáré níta pápá ìṣeré tí a mọ̀ sí Liberty tẹ́lẹ̀. Mo sọ fún wọn nípa Rhasidat Adeleke, tí wọ́n bí ní Dublin ní 2002, ọmọ òbí Nàìjíríà, tó wà lára àwọn mẹ́rin tó gba wúrà fún Ireland nínú eré ìje alápòpọ̀ 4x400 ní Róòmù ní oṣù Kẹfà, 2024, tó sì ṣe ipò kẹrin nínú eré 400 mítà ní Òlíḿpíìkì Paris lọ́dún náà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ṣé Nàìjíríà ni àbí Ireland?" Mo ní Ireland ló ń sáré fún. Ó ní, "Ìyẹn ni pé ọmọ wọn ni." Mo fẹ́ kí gbogbo àgbàlagbà gbọ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Rótìmí Adébárí, ọmọ Òkè-Ọdàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó dé Ireland ní 2000 bí ẹni tó ń wá ibi ìsádi, tí àwọn ará Portlaoise fi jẹ olórí ìlú ní 2007, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò bẹ́ẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìbò 2004 ni.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí mo dé Challenge. Ìyá kan tó ń ta lééṣì níbẹ̀ ní ọmọ-ọmọ méjì ní Dublin. Wọ́n bí àkọ́kọ́ ní 2004. Ọmọ Ireland ni láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Wọ́n bí èkejì ní 2006, lásìkò tí ìwé bàbá rẹ̀ kò tíì pé, ọdún púpọ̀ sì kọjá kí òun tó rí tirẹ̀ gbà. Ìyá náà ní nígbà tí kíláàsì wọn fẹ́ lọ sí Faransé, wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀, ó sunkún, ó ń bi ìyá rẹ̀ pé kí ni òun ṣe. Ó ní ìwà ìkà ni, pé kí ni ọmọdé mọ̀ nípa ìwé?

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin Sábó fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé Kánò. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ẹ ní wọ́n bí bàbá rẹ̀ ní Sábó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní ọmọ òun kan ń ṣiṣẹ́ ní káńsù Ìbàdàn Àríwá, pé kí n bá òun kọ orúkọ ọmọkùnrin náà àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mú ọmọ tiẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́, òun fẹ́ mọ ohun tí wọn yóò sọ.